Ilé fúláàtì mẹ́rin, ejẹ́ǹtì ní èrè rẹ̀ tó 10% lọ́dún: ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ kí n tó tọwọ́ bọ̀wé

Akọ́kọ́rà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìsọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kan èmi náà báyìí. Ilé fúláàtì mẹ́rin kan ni wọ́n fi lọ̀ mí. Mo yọ orúkọ owó kúrò nínú ìṣirò mi torí pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń kọ̀wé wá síbí. Kí kálukú fi owó ìlú tirẹ̀ rò ó.

Iye tí wọ́n pe ilé náà ni 1,000,000. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú 2,000 wọlé lóṣù, ìyẹn 96,000 lọ́dún fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ejẹ́ǹtì ní èrè náà ti tó 10%, pé báńkì wo ló máa fún mi nírú ìyẹn? Lóòótọ́, 6% ni báńkì mi ń fún mi lórí owó tí mo dè mọ́lẹ̀.

480,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ọdún 11 ni mo fi kó o jọ. Mo fẹ́ fi 300,000 síbẹ̀, kí n yá 700,000 ní 8% fún ọdún 20, kí 180,000 tó kù wà nílẹ̀ fún ìnáwó mìíràn. Ìyàwó mi ní kí n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Onífúláàtì

Ọmọ mi, ìyàwó rẹ gbọ́n.

96,000 yẹn ni iye tí o máa rí gbà lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò kó jáde, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ọ́ lówó, tí ẹ̀rọ omi kò bàjẹ́, tí òjò kò sì jo wọlé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gba owó ilé, ọdún bẹ́ẹ̀ kò tíì kàn mí.

Ìbéèrè méjì ni mo ní kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé èèyàn ń gbé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí? Èkejì: ṣé 2,000 ni àwọn ayálégbé ń san ní tòótọ́, àbí 2,000 ni ejẹ́ǹtì rò pé wọ́n lè san?

Akọ́kọ́rà

Ẹ ṣé mà. Èèyàn wà nínú mẹ́ta, ọ̀kan ṣófo. Ejẹ́ǹtì ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹnìkan á ti kó wọ̀ ọ́. N kò tíì rí rìsíìtì kankan, ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí.

Mo mú bíríkìlà àti oníná kan débẹ̀ lánàá. Wọ́n ní òrùlé ń jò lápá kan, wáyà ilé náà sì ti gbó. 60,000 ni wọ́n dá lé àtúnṣe rẹ̀. Agbẹjọ́rò sì ti ṣírò tirẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ìjọba, owó ìwádìí ìwé ilẹ̀ àti owó ẹni tó máa wọn ilẹ̀: 40,000. Ejẹ́ǹtì ń gba 5%.

Ilẹ̀_Ni_Wúrà

Rà á jàre. Ẹ̀ báà dúró títí, ilé kò ní wọ́ bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣírò kiri ni kì í ra nǹkan kan.

Oníṣirò

Ẹni tó ṣírò tí kò rà á, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ̀dá Ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Èmi máa ń pín èrè ilé sí méjì: èrè ẹnu àti èrè ọwọ́. Èrè ẹnu ni ejẹ́ǹtì pè fún yín, ìyẹn owó ilé ọdún kan tí a pín fún iye tí wọ́n pe ilé náà. 96,000 nínú 1,000,000 jẹ́ 9.6%. Kò purọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí èrè ẹnu ná.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye tí wọ́n pe ilé kọ́ ni iye tí ilé máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi 50,000 ti ejẹ́ǹtì kún un, 40,000 ti agbẹjọ́rò àti ìjọba, 60,000 ti òrùlé àti wáyà. Ó di 1,150,000. Kí ayálégbé kankan tó san kọ́bọ̀, 9.6% ti di 8.3%.

Ó wá ku owó tó ń wọlé. Mo máa ń yọ oṣù kan lọ́dún fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹnìkan bá kó jáde, ẹ máa kun ọ̀dà, ẹ máa wá ẹlòmíràn, ọjọ́ á sì máa lọ. Oṣù kan nínú 12 lé díẹ̀ ní 8%. Fún ilé yìí, 8,000 nìyẹn. Ó ku 88,000.

Ẹ wá wo ìnáwó ọdún kan. Owó-orí ilé àti owó ìbánigbófò, ká ní 9,000. Àtúnṣe kéékèèké, mo máa ń fi 1% iye ilé sí i: 10,000. Ẹni tó ń bá yín bójú tó ilé sábà máa ń gba nǹkan bí 10% owó tó bá gbà: 8,800. Iná ìta, omi, ìmọ́tótó àyíká: 4,200. Ohun tí àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ni òrùlé ọjọ́ iwájú. Bí òrùlé tuntun pátá bá máa gba 100,000, tó sì lè lo ogún ọdún, òrùlé yẹn ń jẹ 5,000 lọ́dọọdún yálà ẹ rí i tàbí ẹ kò rí i. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 37,000.

88,000, ẹ yọ 37,000, ó ku 51,000. Ẹ pín in fún 1,150,000.

4.4%. Èrè ọwọ́ nìyẹn, ẹ kò sì tíì san owó-orí lórí owó ilé tí ẹ gbà. Ìyẹn yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ẹ bi oníṣirò tó wà nítòsí yín.

Àwọn tó ń ra ilé láti fi gbowó ní Amẹ́ríkà ní òfin àtẹnudẹ́nu kan, pé kí èèyàn rò ó pé ìdajì owó ilé ni ìnáwó àti òfìfo máa gbé lọ, láìtíì ka gbèsè báńkì. Èmi kì í fẹ́ràn irú òfin àtẹnudẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 8,000 tó sọnù àti 37,000 tí a ná jẹ́ 45,000 nínú 96,000. Ó ku díẹ̀ kó pé ìdajì.

Akọ́kọ́rà

Háà. 4.4? Báńkì sì ń fún mi ní 6.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè yọ 8,800 yẹn kúrò? Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ máa bójú tó o.

Ìyá Onífúláàtì

Má yọ ọ́. Bí omi bá fọ́ páìpù láago méjì òru, ta ni wọ́n máa pè? Bí ẹnìkan bá ní owó oṣù yìí kò tíì jáde, ta ni yóò máa lọ máa bọ̀? Ìwọ náà ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é. Ọjọ́ tí mo ṣàìsàn tí mo sì ní láti gba ẹlòmíràn síṣẹ́ ni mo mọ iye tí iṣẹ́ yẹn ń jẹ. Ìwọ ni kí o gba 8,800 yẹn bí owó iṣẹ́ rẹ. Ilé kọ́ ló fún ọ, òógùn rẹ ni.

Ojú_Gbèsè_Rí

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó tirẹ̀ ló fẹ́ fi rà á. Ó ní òun fẹ́ yá 700,000! Ẹ jẹ́ kí n wí tèmi, torí ó ti ṣe mí rí. Dípò kí ilé máa bọ́ mi, èmi ni mo ń bọ́ ilé fún ọdún mẹ́fà gbáko.

700,000 ní 8% fún ọdún 20 máa jẹ́ nǹkan bí 5,855 lóṣù. Lọ́dún, 70,261. Oníṣirò ní 51,000 ni ilé máa fi lé ọ lọ́wọ́. Ó túmọ̀ sí pé 19,261 máa ti inú owó oṣù rẹ jáde lọ́dọọdún, ó lé díẹ̀ ní 1,600 lóṣù, kí o lè máa jẹ́ onílé.

Nígbà tí ọdún 20 bá pé, o ti san nǹkan bí 1,405,000 lórí 700,000. Èlé nìkan ti ju ojú owó lọ. Ohun tó tún ń dunni ni bí wọ́n ṣe ń tò ó: nínú 70,261 ọdún kìíní, nǹkan bí 55,500 ni èlé. Ohun tó máa kúrò nínú gbèsè fúnra rẹ̀ kò ju 14,800 lọ. Ọdún kìíní parí, o wo ìwé báńkì, o rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà yẹn nìyí: gbé èrè ọwọ́ ilé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé tí báńkì ń gbà. O ń ra owó ní 8, o ń tà á ní 4.4. Bí o bá ṣe ń yá tó ni o ṣe ń pàdánù tó. Bí èrè ọwọ́ bá jẹ́ 10 tí èlé jẹ́ 8, a lè máa jókòó sọ ọ́.

Béèrè pẹ̀lú bóyá èlé yẹn dúró sójú kan. Bí ó bá di 10%, owó oṣooṣù á sún kúrò ní 5,855 lọ sí nǹkan bí 6,755. Ayálégbé kò ní fi 900 kún owó ilé torí pé báńkì rẹ fi kún tirẹ̀.

Oníṣirò

Ojú_Gbèsè sọ òótọ́. Àwọn tó ń yá èèyàn lówó fún irú ilé báyìí sábà máa ń fẹ́ kí owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó tó ìlọ́po 1.2 tàbí 1.25 owó tí a ó máa san fún wọn. Ti ilé yìí jẹ́ 0.73. Bí báńkì kan bá ṣì fẹ́ yá yín, owó oṣù yín ló ń wò, kì í ṣe ilé náà.

Ẹ sì tún wo 180,000 tí ẹ ní kó wà nílẹ̀. 150,000 nínú rẹ̀ ti lọ sí ejẹ́ǹtì, agbẹjọ́rò, òrùlé àti wáyà. 30,000 ló kù. Bí fúláàtì méjì bá ṣófo fún oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹyọ àtúnṣe ńlá kan, ẹ ti wọ gbèsè kejì nìyẹn.

Ilẹ̀_Ni_Wúrà

Ẹ ti fi ìṣirò pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rù. Owó ilé kọ́ ló ń sọni dolówó, iye ilé tó ń gun òkè ni! Láàárín ọdún 10 ilé yẹn máa di ìlọ́po méjì. Gbèsè tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn náà ló sì ń jẹ́ kí owó kékeré ṣiṣẹ́ ńlá. Ó fi 300,000 síbẹ̀. Bí ilé bá gun 10% péré, 100,000 ló jèrè. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀! Báńkì wo ló ń ṣe ìyẹn?

Oníṣirò

Bó bá wálẹ̀ ní 10% ńkọ́? Ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ náà ló lọ. Àkàbà kan náà ni wọ́n fi ń gòkè tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, gbèsè kò sì ní bá a wálẹ̀.

Ní ti ìlọ́po méjì, mo ní ọ̀nà kúkúrú kan tí mo máa ń lò: ẹ pín 72 fún iye ọdún, ẹ máa rí ìdá tí nǹkan gbọ́dọ̀ máa gùn lọ́dọọdún kó tó di ìlọ́po méjì. 72 pín sí 10 jẹ́ 7.2. Ṣé 7.2% lọ́dọọdún, fún ọdún 10 láìsinmi, ni ilé àdúgbò yẹn ti ń gùn bọ̀? Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn ọjà mìíràn ń ṣe lákòókò kan náà? Ilé tó gun 7% níbi tí ọ̀wọ́n ọjà ti gun 9%, ẹ̀yìn ló ń rìn.

Àtijọ́_Ò_Jìnnà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ iye ilé yìí, torí mo fẹ́ràn àwọn àkọsílẹ̀ tó ti pẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Piet Eichholtz. Ó kó àkọsílẹ̀ ìtajà àwọn ilé etí odò àgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Herengracht jọ, nílùú Amsterdam, láti 1628 títí dé 1973. Àdúgbò ọlọ́lá ni o, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń sá fún. Nígbà tó yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú rẹ̀, iye àwọn ilé yẹn kò ju bí ìlọ́po méjì lọ ní odidi ọdún 345. Láàárín rẹ̀, ogun wà, àjàkálẹ̀ àrùn wà, ọ̀pọ̀ ọdún sì wà tí ẹni tó rà á lówó gọbọi kò rí owó rẹ̀ gbà padà láyé rẹ̀.

Robert Shiller, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013, ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún Amẹ́ríkà láti 1890. Òun náà rí i pé lẹ́yìn ọ̀wọ́n ọjà, iye ilé kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè jálẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rúndún ogún. Lẹ́yìn náà ló fò sókè, ó sì já lulẹ̀: láti 2006 sí 2012, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó bọ́ kúrò lára iye ilé níbẹ̀. Ní Japan, iye ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́yìn 1991, ó sì ń wálẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.

N kò sọ pé ilé kò dára. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé owó ilé ló bọ́ àwọn onílé Herengracht, kì í ṣe gígun iye ilé. Ẹni tó bá ra ilé tí owó tó ń mú wọlé kò tó nǹkan, tó ń retí pé ẹlòmíràn máa wá rà á wọ́n lọ́la, ọ̀la ló fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí.

Ilẹ̀_Ni_Wúrà

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń dàgbà yàtọ̀ sí ìlú tó ti dàgbà tán. Ibi tí ojú ọ̀nà tuntun ń bọ̀, tí iléeṣẹ́ ń bọ̀, ẹ kò lè fi odò àgbẹ́ ọdún 1628 wé e.

Àtijọ́_Ò_Jìnnà

Ẹ̀rí yín dúró níbẹ̀, mo gbà. Àmọ́ bí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ pé ojú ọ̀nà ń bọ̀, ẹni tó ń ta ilé náà ti fi ojú ọ̀nà yẹn kún iye tó ń pè.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ ká gbà fún bọ̀dá Ilẹ̀ pé ó ń gùn, ká ní 3% lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún 5, ilé 1,000,000 ti di nǹkan bí 1,159,000. Ẹ fẹ́ tà á. Ejẹ́ǹtì, agbẹjọ́rò, ọ̀dà tí ẹ máa kùn kó lè wu èèyàn: ká ní 6%. Ó ku bí 1,090,000 lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí pé 1,150,000 lẹ ná. Ilé gun òkè fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹ sì tún pàdánù 60,000 nínú ìtajà rẹ̀.

Bí ẹ bá dúró ọdún 10, ó di bí 1,263,000 lẹ́yìn owó ìtajà. Ìgbà yẹn lẹ tó rí 113,000 lórí owó yín. Ohun tó ń pa àwọn tó ń tètè tà nìyẹn: owó ìwọlé àti owó ìjáde ti jẹ gbogbo gígun iye rẹ̀. Ẹni tí kò bá dá a lójú pé òun lè fi owó òun sílẹ̀ fún ọdún méje sí mẹ́wàá, kó fi ilé sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Ṣáájú kí ẹ ṣírò ohunkóhun, kí ẹ lọ wo ibi tí ìjọba ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ṣé orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà níbẹ̀? Ṣé gbèsè wà lórí ilé náà? Ṣé ẹjọ́ wà? Ilé tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ kò ní 4.4, òfo ni. Owó ìwádìí yẹn kéré sí ohunkóhun tí ẹ máa ná lórí rẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ dín kù.

Bíríkìlà_Àgbà

Mo rí i pé ó mú bíríkìlà débẹ̀, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ṣé ẹ débẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀? Ilé tí a wò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìdajì rẹ̀ la wò.

Ẹ gbójú sókè wo àjà yàrá, bí àmì omi tó pọ́n bá wà níbẹ̀, òkè ń jò tàbí ó ti jò rí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ibi tí ọ̀dà ti ń wú tó sì ń bó, omi ń gòkè láti ilẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dà tuntun lórí ògiri kan ṣoṣo nínú ilé tó ti gbó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń bò. Ògiri tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun, simẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ló gbẹ, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Èyí tó là gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé bọ́ sílẹ̀, tí ọmọ ìka lè wọ inú rẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má ná nǹkan kan mọ́ títí ẹnjiníà á fi wò ó.

Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa mọ ohun tí ojú àwọn ayálégbé ń rí láàárọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹni tí ejẹ́ǹtì mú wá kó wo ilé fún yín, ejẹ́ǹtì ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ayálégbé_Títí

Èmi kò ní ilé, inú ilé onílé ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n la àwọn onílé lóye díẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Onílé mi àtijọ́ fi 5% kún owó mi. Ká fi owó Akọ́kọ́rà ṣe é: láti 2,000 sí 2,100. 100 lóṣù ló fẹ́ jèrè. Mo kó jáde. Fúláàtì náà ṣófo fún oṣù kan, 2,000 ti lọ. Ẹni tuntun máa san 100 yẹn fún oṣù 20 kí onílé tó dá 2,000 padà, n kò tíì ka ọ̀dà àti owó ejẹ́ǹtì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ayálégbé tó ń san déédéé, tó ń tún nǹkan kéékèèké ṣe fúnra rẹ̀, apá kan lára èrè yín ni.

Kí Akọ́kọ́rà sì lọ bá àwọn tó wà nínú ilé náà sọ̀rọ̀, láìsí ejẹ́ǹtì nítòsí. Àwa la mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Àwa la mọ iye tí à ń san.

Ìyá Onífúláàtì

Ayálégbé yìí ì bá jẹ́ tèmi, inú mi ì bá dùn.

Fẹsẹ̀_Lékè

Ìbéèrè mi lè dàbí ti òmùgọ̀: ṣé dandan ni kó jẹ́ odidi ilé? Àwọn iléeṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń gbowó rẹ̀, èèyàn á kàn ra ìpín nínú wọn. REIT ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1960, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n pín ó kéré tán 90% nínú èrè tó yẹ kí wọ́n san owó-orí lé lórí fún àwọn tó ní ìpín. Iye ìpín náà máa ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́, ìyẹn lè máa já ẹlòmíràn láyà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ láago méjì òru.

Oníṣirò

Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Ó kéré tán, ó jẹ́ ohun tí èèyàn lè fi wọn ilé tó fẹ́ rà. Bí ìpín tí mo lè tà lọ́la bá ń fún mi ní 5%, kí ló dé tí n óò fi gba 4.4 lọ́wọ́ ilé tí mo ní láti máa sáré lé lórí, tí títà rẹ̀ sì lè gba oṣù mẹ́fà? Ilé yẹ kó sanwó wàhálà rẹ̀ fún mi.

Akọ́kọ́rà, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ má bi ara yín pé "ṣé kí n rà á?" Ẹ bi ara yín pé "iye wo ni mo lè rà á?" Ká ní 7% ni ẹ fẹ́, ìyẹn díẹ̀ lórí 6 ti báńkì fún wàhálà yín. 51,000 máa jẹ́ 7% nínú nǹkan bí 730,000. Ẹ yọ 40,000 ti agbẹjọ́rò, ẹ yọ 60,000 ti àtúnṣe, ẹ yọ ti ejẹ́ǹtì. Ó já sí 600,000 tí ẹ lè san fún ilé náà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa gbà. Iye tiyín nìyẹn, iye tiwọn ni 1,000,000.

Ojú_Gbèsè_Rí

Kó sì jẹ́ pé gbèsè rẹ̀ kò ní ju ohun tí ilé lè san lọ. Mo ń tún un sọ torí mi ò gbádùn ọdún mẹ́fà yẹn.

Akọ́kọ́rà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Mo lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, èmi àti ìyàwó mi. Òrùlé jò lóòótọ́, ibi tí wọ́n ti fi hàn wá náà ni, kò sí ibòmíràn. Ògiri dára. A bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi rìsíìtì hàn wá: 1,800 ni kálukú wọn ń san, kò sí ẹni tó ń san 2,000. Fúláàtì tó ṣófo náà ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje. Wọ́n ní ẹni tó kó jáde níbẹ̀ kó jáde torí owó tí wọ́n fẹ́ fi kún un.

Mo sọ 600,000 fún ejẹ́ǹtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ayálégbé_Títí

Oṣù méje! Bí 2,000 ni wọ́n ń béèrè lóṣù, 14,000 ti lọ nìyẹn.

Akọ́kọ́rà

Ejẹ́ǹtì tún pè mí láàárọ̀ yìí o. Ó ní onílé ti wálẹ̀ sí 850,000, pé ojú rere ni wọ́n fi ń wò mí, pé ẹlòmíràn ń dúró.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, 150,000 kì í ṣe owó kékeré. Ìyàwó mi ní kí n ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú 1,800 kí n tó yọ̀. Mo jókòó ṣe é bí ẹ̀gbọ́n Oníṣirò ṣe ṣe é. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

1,800 lọ́nà mẹ́rin fún oṣù 12 jẹ́ 86,400. Mo yọ oṣù kan fún òfìfo, 7,200. Ó ku 79,200.
Owó-orí ilé àti ìbánigbófò 9,000. Àtúnṣe 10,000. Ìbójútó 7,920. Iná ìta àti omi 4,200. Òrùlé ọjọ́ iwájú 5,000. Àpapọ̀ 36,120. Ó ku 43,080.
Ilé 850,000, ejẹ́ǹtì 42,500, agbẹjọ́rò àti ìjọba 40,000, àtúnṣe 60,000. Ó di 992,500.

4.3%.

Lẹ́yìn gbogbo ojú rere wọn, ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Àbí mo ṣì í ṣe?

Oníṣirò

Ẹ kò ṣì í ṣe rárá. 10,000 àtúnṣe yẹn nìkan lẹ lè dín kù sí 8,500 torí pé iye ilé ti wálẹ̀, èrè ọwọ́ á wá sún sí bí 4.5. Ṣùgbọ́n òrùlé kò mọ̀ pé wọ́n ti dín iye ilé kù. Èmi máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onífúláàtì

Bá mi kí ìyàwó rẹ.